Ọjọ́ mẹ́fà lójú ọ̀nà Romanik ní Jámánì, láìsí mọ́tò: ibo ni kí n yà sí?

Bàbá_Ayàwòránilé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní yíya àwòrán ilé n'Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù karùn-ún, tí Ọlọ́run bá fẹ́, mò ń bọ̀ wá kí ọmọ mi obìnrin ní Leipzig. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni màá rí lò fún ara mi, torí pé iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ọmọ náà lè tẹ̀ lé mi kiri. Ohun tí mo fẹ́ fi ọjọ́ náà ṣe ni kí n fojú ara mi rí àwọn ilé olókùúta tí mo ti ń fi àwòrán wọn kọ́ni láti ìgbà èwe mi, àwọn tí wọ́n kọ́ láàárín ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkẹtàlá, tí àwọn ará Jámánì ń pe irú iṣẹ́ wọn ní Romanik.

Mo ti kà pé láti ọdún 1993 ni ìpínlẹ̀ Saxony-Anhalt ti so àwọn ilé wọ̀nyí pọ̀ sójú ọ̀nà kan ṣoṣo, Straße der Romanik, tí ó rí bí nọ́ńbà 8 lórí máàpù, tí ìlú Magdeburg sì wà níbi ìbàdí rẹ̀. Ilé tó lé ní 80 ló wà lójú ọ̀nà náà, gígùn rẹ̀ sì lé ní 1,000 kìlómítà, èyí tí kò ṣeé kárí ní ọjọ́ mẹ́fà. N kò ní wa ọkọ̀ nílẹ̀ àjèjì, orúnkún ọ̀tún mi kò sì fẹ́ràn àtẹ̀gùn mọ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ka iye ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wọ̀. Mo fẹ́ dúró nídìí òpó kan kí n lóye bí àwọn tí kò ní sìmẹ́ǹtì òde òní ṣe gbé e ró. Ẹ jọ̀wọ́, apá gúúsù ni tàbí àríwá? Ìlú wo ni kí n fi ṣe ibùsùn? Ṣé èèyàn á sì bá ilẹ̀kùn àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní ṣíṣí?

Ìyá_Ìbejì_Halle

Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ní Halle. Rélùwéè ni mo sì fi rí gbogbo èyí tí mo ti rí níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ méjì lọ́wọ́.

Apá gúúsù ló bá yín mu, torí pé láti Leipzig lẹ ti lè lọ kẹ́ ẹ sì padà sùn lọ́dọ̀ ọmọ yín. Láti Leipzig dé Halle, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni. Láti Halle, ọ̀nà irin kan náà ló gba Merseburg kọjá dé Naumburg. Ní Naumburg, tíráàmù kékeré àtijọ́ kan wà tó ń gbéra níwájú ibùdókọ̀ rélùwéè lọ sí ìtòsí kàtídírà, orúnkún yín kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ẹ ra Deutschlandticket tí ẹ bá máa lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ó bo gbogbo rélùwéè kéékèèké àti bọ́ọ̀sì, àmọ́ kò bo ICE àti IC, àwọn rélùwéè ayára tó ń lọ sọ́nà jíjìn. Owó oṣooṣù ni, wọ́n á sì máa yọ ọ́ lọ títí ni, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fagi lé e kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á yọ ti oṣù tó ń bọ̀. Ohun tó ṣe mí nìyẹn lọ́dún àkọ́kọ́.

Fún ìlú Quedlinburg, ẹ lọ sùn níbẹ̀ fún òru méjì. Ẹ má ṣe é ní àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan.

Awakọ̀_Harz

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún Ìyá Ìbejì, ẹni tó bá fi rélùwéè nìkan rin ojú ọ̀nà yìí, àwọn ìlú ńlá nìkan ni yóò rí. Àwọn tí ọkàn mi kò lè gbàgbé wà ní abúlé: ṣọ́ọ̀ṣì Hamersleben tí orí àwọn òpó rẹ̀ kún fún ẹranko àti ewé gbígbẹ́, àti Hecklingen tí àwọn áńgẹ́lì wà lára ògiri gbọ̀ngàn rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí irú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ ó lè má sí rárá. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ọmọ yín gba ìsinmi ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ yá mọ́tò.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí iṣẹ́ Romanik tó tóbi jù lọ, kàtídírà Magdeburg ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, torí òun gan-an ni olórí wọn.

Akọ́lé_Hannover

Mo ní láti tún ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ṣe kí Bàbá má bàa débẹ̀ kó yà á lẹ́nu. Kàtídírà Magdeburg wà lójú ọ̀nà náà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tó dúró níbẹ̀ lónìí kì í ṣe Romanik. Èyí tí Olú Ọba Otto Kìíní kọ́ jóná ní ọdún 1207. Ní 1209 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀, ní ìlànà Gotik tó ti ilẹ̀ Faransé wá, òun sì ni wọ́n ń kà sí kàtídírà Gotik àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Jámánì. Ọdún 1520 ni wọ́n tó parí ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ohun tó ṣẹ́kù láti ayé Otto níbẹ̀ ni ibojì rẹ̀ fúnra rẹ̀ (ọdún 973 ló kú) àti àwọn òpó mábù àti ti òkúta pupa líle tí ó kó wá láti Ítálì, tí àwọn akọ́lé tuntun tún gbé dúró láyìíká pẹpẹ. Ẹni tó bá fẹ́ Romanik gidi ní Magdeburg, kó rìn díẹ̀ lọ sí Kloster Unser Lieben Frauen, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ tó ti di ilé iṣẹ́ ọnà nísinsìnyí.

Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi ìwé kọ́ni, ẹ ó mọ ìyàtọ̀ náà ní kété tẹ́ ẹ bá gbójú sókè. Níbi tí òkè fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà bá ti tẹ̀ roboto bí òṣùmàrè, Romanik ni. Níbi tó bá ti ṣe ṣónṣó, Gotik ti dé. Òkè tó tẹ̀ roboto yẹn máa ń ti ògiri síta ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ògiri fi nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí fèrèsé fi kéré, tí ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ilẹ̀ Saxony àtijọ́ sì fi jẹ́ pákó ni wọ́n fi ṣe àjà wọn dípò òkúta.

Ní ti òpó tẹ́ ẹ fẹ́ dúró nídìí rẹ̀, ibi méjì ni kẹ́ ẹ lọ, wọ́n kò sì jìnnà síra wọn. Ní Gernrode, ṣọ́ọ̀ṣì St. Cyriakus tí ọ̀gágun Gero bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 959, òpó onígun mẹ́rin kan, òpó roboto kan, ni wọ́n tò tẹ̀ léra. Ní Quedlinburg, ṣọ́ọ̀ṣì St. Servatius tó wà lórí òkè, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1129, onígun mẹ́rin kan, roboto méjì, kí onígun mẹ́rin mìíràn tó dé. Bí ẹsẹ̀ onílù ni ó rí létí mi: ẹ rìn ín láti ẹnu ilẹ̀kùn dé pẹpẹ, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹ wo irú orí òpó tí wọ́n ń pè ní Würfelkapitell dáadáa pẹ̀lú. Òkúta onígun mẹ́rin ni, tí wọ́n gé igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin roboto, kí òkè rẹ̀ lè bá ògiri mu, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jókòó sórí òpó roboto láìsí àlàfo. Ọlọ́gbọ́n ẹni ló ro ìyẹn. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi yà á sínú ìwé, n kò sì tí ì yà á tán.

Awakọ̀_Harz

Ẹ ṣeun, Akọ́lé. Mo gba àtúnṣe náà tọkàntọkàn. Àwọn òpó Ítálì yẹn ni mo rí tí mo fi pe gbogbo ilé náà ní Romanik.

Bàbá_Ayàwòránilé

Ẹ ṣé gan-an ni. Àlàyé Akọ́lé ti mú kí oorun dá lójú mi. Ìbéèrè méjì ni mo tún ní. Báwo ni òkè Quedlinburg yẹn ṣe ga tó fún ẹni tí orúnkún ń dùn? Èkejì, ọ̀rẹ́ mi kan ní Abẹ́òkúta sọ fún mi pé ère ẹni mímọ́ kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú wà nínú kàtídírà Magdeburg láti ayé àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Àdùkẹ́_Peckham

Òótọ́ ni, Bàbá, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Magdeburg lẹ́ẹ̀mejì.

Maurice ni orúkọ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìjọ ṣe sọ, olórí ọmọ ogun ni, ará Íjíbítì ìgbàanì, tí àwọn ará Róòmù pa nítorí pé ó kọ̀ láti ṣenúnibíni sí àwọn onígbàgbọ́. Otto Kìíní fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, òun ló sì fi ṣe alábòójútó ìlú náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní nǹkan bí ọdún 1240 ni agbẹ́kùúta kan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ gbẹ́ èyí tó wà ní Magdeburg yìí, ó sì gbẹ́ ọmọ Áfíríkà gidi: imú, ètè, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ pátá. Òun ni àwọn onímọ̀ kà sí èyí tó pẹ́ jù lọ nínú irú àwòrán Maurice bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù irin kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ bí àwọ̀n bo orí àti ọrùn rẹ̀, ojú nìkan ló yọ síta, díẹ̀ nínú ọ̀dà àtijọ́ sì ṣì wà lára òkúta náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ kúrò, ọ̀kọ̀ tó mú lọ́wọ́ kò sí mọ́, àmọ́ ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí i pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ti fojú kàn ènìyàn dúdú rí, ó sì bọ̀wọ̀ fún un.

Mo sunkún níbẹ̀, n kò fi pamọ́. Ère orí àwọn ọba Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni àwọn onímọ̀ fi iṣẹ́ wọn sí. Nígbà tí agbẹ́kùúta yìí ń gbẹ́ ojú ọmọ Áfíríkà ní Magdeburg, ó ṣeé ṣe kí àwọn ará ilé wa máa rọ idẹ sí ojú ọba tiwọn.

Ẹ má sì gbàgbé Editha, ìyàwó Otto. Ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó kú ní 946. Gbogbo ènìyàn rò pé pósí rẹ̀ ti ṣófo, àfi ìgbà tí wọ́n ṣí i ní 2008 tí wọ́n bá àpótí òjé nínú rẹ̀ pẹ̀lú egungun. Eyín rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò ní Bristol tí wọ́n fi mọ̀ pé gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti dàgbà. Èmi tí mò ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe mí bíi pé ará àdúgbò mi ni mo lọ kí.

Ìyá_Ìbejì_Halle

Ní ti òkè Quedlinburg, Bàbá: òkúta kóńgókóńgó ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì dagun gan-an. Ẹ mú ọ̀pá dání, ẹ gòkè láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa sinmi lójú ọ̀nà. Ẹ ó rí ibojì Ọba Henry Kìíní tó kú ní 936 àti ti Mathilde aya rẹ̀, ẹni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé fún àwọn obìnrin onísìn. Obìnrin ló ń ṣe olórí níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tí wọ́n ń pàṣẹ lórí ìlú. Àwọn ohun iyebíye ilé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí sójà Amẹ́ríkà kan jí kó lọ sí Texas ní 1945, tí wọ́n padà sí ìlú náà ní 1993.

Nísàlẹ̀ òkè, ẹ rìn láàárín ilé àtijọ́. Àwọn ilé onígi tí wọ́n fi amọ̀ dí àárín wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nítorí àwọn ilé yìí àti òkè náà ni UNESCO ṣe kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ ní 1994.

Atọ́kasọ́nà

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́ dáhùn. Àwọn kàtídírà ńlá máa ń ṣí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìjọsìn ló ń lọ lọ́wọ́, wọn kì í gba olùwòran. Ibi tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí máa ń tì ní ọjọ́ Ajé ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké, ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn tó ń sọ ilé tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹ kan ilẹ̀kùn ilé náà, ẹ kí wọn dáadáa. Mo ti bá ìyá arúgbó kan pàdé báyìí tó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, tó mú kọ́kọ́rọ́ irin kan tó gùn bí ọwọ́ mi, tó sì fi wákàtí kan gbáko mú mi yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ẹ fi owó díẹ̀ sínú àpótí.

Akọ́lé_Hannover

Mo fẹ́ kìlọ̀ ohun kan fún Bàbá, torí pé ojú akọ́lé ni yóò fi wò ó. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dà bíi pé ó ti pẹ́ níbẹ̀ ló ti pẹ́. Ọ̀dà tó wà lára ògiri àti àjà Gernrode, ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, ìgbà tí Ferdinand von Quast tún ilé náà ṣe. Ní Quedlinburg sì rèé, ẹ̀yìn pẹpẹ tó tẹ̀ roboto nínú ilé, irọ́ ni. Àwọn Nazi ló gba ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ ìjọ ní 1938, tí wọ́n fẹ́ fi Ọba Henry ṣe òrìṣà tiwọn, wọ́n sì fi ògiri tuntun oníṣẹ́ Romanik bo ti Gotik tó wà níbẹ̀. Ẹ jáde síta, ẹ yí i ká, ẹ ó rí Gotik níta. Ẹ padà wọlé, ẹ ó rí òṣùmàrè nínú.

Awakọ̀_Harz

Lórí Gernrode, mi ò gbà pé kí àtúnṣe ọ̀rúndún kọkàndínlógún dín iyì rẹ̀ kù. Bí von Quast kò bá tún un ṣe, bóyá òkìtì òkúta ni à bá máa wò lónìí. Ibojì Kristi inú rẹ̀, tí wọ́n ṣe ní àfarawé ti Jerúsálẹ́mù ní nǹkan bí ọdún 1100, kò sí ẹni tó ya irọ́ sí ìyẹn. Obìnrin tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀ níta, ẹ dúró tì í dáadáa.

Akọ́lé_Hannover

Ọ̀rọ̀ yín tọ́. N kò sọ pé kó má lọ, mo ní kó mọ èyí tó ń wò ni. Ibojì yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ.

Ọmọ_Òṣogbo_Tangermünde

Ẹ̀yin ará, gbogbo yín ló pa àríwá tì, ó sì dùn mí. Ẹni tó ti fi yíya àwòrán ilé ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí láì rí Jerichow. Ìlà-oòrùn odò Elbe kò ní òkúta tó ṣeé gbẹ́, amọ̀ ló ní. Nígbà tí wọ́n dá ilé àwọn mọ́ńkì náà sílẹ̀ ní 1144, bíríkì sísun ni wọ́n wá yíjú sí, òun sì wà lára àwọn ilé bíríkì tó pẹ́ jù lọ ní àríwá Jámánì. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí orí òpó tí Akọ́lé ṣàpèjúwe: bíríkì kò ṣeé gé roboto bí òkúta, nítorí náà, dípò igun roboto, wọ́n fi ìlà tó dagun gbooro láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohun èlò ló yí àwòrán padà. Èmi tí bàbá mi ń fi amọ̀ mọ ilé, ibẹ̀ ni mo ti lóye iṣẹ́ rẹ̀.

Kò sí rélùwéè tó ń dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ wọ rélùwéè dé Genthin, ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Ẹ wo àkókò bọ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò. Mo ti jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ògiri yẹn fún wákàtí méjì rí nítorí pé mo gbà pé bọ́ọ̀sì ọjọ́ iṣẹ́ náà ni ti Sátidé.

Àdùkẹ́_Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ti Merseburg. Yàtọ̀ sí ibojì idẹ Rudolf ti Swabia tó kú lójú ogun ní 1080, tí wọ́n ṣì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbígbẹ pamọ́ sí kàtídírà náà, ìwé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹwàá tí wọ́n kọ ọfọ̀ méjì sí, ọfọ̀ tó ṣáájú ẹ̀sìn Kristi. Èkejì jẹ́ ti ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀: ó ń pe egungun kí ó padà bá egungun, ẹ̀jẹ̀ kí ó bá ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ohùn bàbá bàbá mi ni mo gbọ́. Láàárín àwọn mọ́ńkì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Bàbá_Ayàwòránilé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, Ọlọ́run yóò máa ràn yín lọ́wọ́. Ohun tí mo ti ṣètò nìyí. Ọjọ́ kìíní, Merseburg, kí n wo ibojì idẹ náà. Ọjọ́ kejì, Naumburg, nítorí ère àwọn méjìlá tó fi owó kọ́ ilé náà, pàápàá Uta tó fi kọ́là aṣọ rẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọjọ́ kẹta ni n óò lọ sí Quedlinburg, kí n sùn níbẹ̀ lóru méjì, ọjọ́ kẹrin sì ni Gernrode. Ọjọ́ karùn-ún, kí n gba Halberstadt kọjá lọ sí Magdeburg kí n kí Maurice, kí n sì sùn níbẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni Jerichow, torí ọmọ Òṣogbo ti ṣẹ́gun mi, kí n tó padà sí Leipzig lálẹ́. Hamersleben yóò dúró dè mí di ọdún mìíràn. Ọjọ́ Sátidé ni n óò bẹ̀rẹ̀.

Atọ́kasọ́nà

Bàbá, ẹ dákun, ẹ kà á wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí Sátidé bá jẹ́ ọjọ́ kìíní, Naumburg bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó sì ní láti dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìjọsìn. Quedlinburg bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ẹ lè gun òkè yẹn kẹ́ ẹ bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ fi ọjọ́ Ajé rìn láàárín ilé onígi nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi orúnkún sinmi, kẹ́ ẹ gun òkè ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kẹ́ ẹ lọ sí Gernrode ní ọ̀sán. Bọ́ọ̀sì wà, rélùwéè kékeré Harz náà sì wà tó bá wù yín. Jerichow bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Tí Ọjọ́bọ̀ yẹn bá jẹ́ Ọjọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, ìsinmi ni ní gbogbo Jámánì, àkókò bọ́ọ̀sì Genthin yóò sì yàtọ̀ ní ọjọ́ náà.

Bàbá_Ayàwòránilé

Mo ti yí i padà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni n óò bẹ̀rẹ̀ báyìí: Ìṣẹ́gun ní Merseburg, Ọjọ́rú ní Naumburg, Ọjọ́bọ̀ ní Quedlinburg, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti Ìgòkè-re-ọ̀run. Ọjọ́ Ìsinmi ni Jerichow bọ́ sí, mo sì ti ní kí ọmọ mi wá fi mọ́tò gbé mi lọ síbẹ̀ láti Magdeburg, torí kò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Awakọ̀_Harz

Tí ọmọ bá ti fẹ́ wa mọ́tò wá sí Magdeburg, Bàbá, ẹ ní kó tètè dé ní alẹ́ Sátidé. Hamersleben kò jìnnà sí Magdeburg. Ẹ lè yà síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Jerichow.